Àkọ́rọ̀ Òjò àti Eré Ọmọdé Nínú Ilé

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti kó ẹrù rẹ̀, tí ó ti padà sí aṣálẹ̀ tí ó ti wá, tí ètè tí ó là ti jinná, tí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà sì wá mú ganrínganrín débi pé ajá pàápàá kò fẹ́ dìde kúrò lábẹ́ àká, nígbà náà ni àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá máa ń gbójú sókè sí ìhà ìlà-oòrùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò yóò ti yọ. Afẹ́fẹ́ olómi tí ó ti ojú òkun gúúsù wá yóò ti máa rọra wọ ilẹ̀ wa díẹ̀díẹ̀, yóò sì bá afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ti Sàhárà wá pàdé. Àwọsánmà yóò ṣú dẹ̀dẹ̀, eruku yóò sọ lálá, páànù yóò máa hó yéè, àwọn ìyá yóò máa sáré kó aṣọ kúrò lórí okùn, kí ẹ̀kán òjò kìíní tó kán sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, òjò ti dé nìyẹn, títí di oṣù Ọ̀wàrà, àfi ìsinmi díẹ̀ tí ó máa ń gbà nínú oṣù Ògún. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ẹ̀yìn òtútù ni igi máa ń sọjí. Ní tiwa, ẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ tí kò tí ì ju ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, iṣẹ́ kan náà ni àkókò méjèèjì ń ṣe, nítorí ohun gbogbo tí ó ti rí tẹ́lẹ̀ ni ó padà di titun.

Òórùn ni òjò yìí kọ́kọ́ fi ń kí ọmọdé. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ilẹ̀, ni wọ́n ń ṣe èròjà kan tí imú ènìyàn máa ń gbọ́ bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Àwọn ewéko pẹ̀lú ti tu òróró díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òkúta àti erùpẹ̀ sì ti fa á mu. Nígbà tí ẹ̀kán òjò bá wá bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, afẹ́fẹ́ inú erùpẹ̀ a ho bí ìfófòó kéékèèké, a sì gbé gbogbo òórùn náà sókè. Ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Isabel Bear àti Richard Thomas, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn yìí tí wọ́n sì sọ ọ́ ní petrichor. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni mo sọ èyí fún, kì í ṣe ọmọ. Bí Àkànní, ọmọ ọdún mẹ́rin, bá na imú sókè lẹ́nu ọ̀nà tí ó ní, "Ìyá mi, kí ló ń rùn báyìí?" ẹ má ṣe yára dá a lóhùn. Ẹ ní, "Àkànní ọkọ mi, níbo ni o rò pé ó ti ń wá?" kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ sí ìdí ògiri, kí ó lọ sí ìdí igi, kí ó tẹ̀ ba kí ó fi imú kan ilẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú orí ìwé yìí wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn: ìdáhùn tí ọwọ́ ọmọ àti ojú ọmọ bá lè wá rí fúnra wọn, kí ẹnu àgbà má tètè já a gbà. Lóòótọ́, abèèrè kì í ṣìnà; ṣùgbọ́n ẹni tí a ń tètè dá lóhùn nígbà gbogbo kì í pẹ́ tí í fi í kọ ìrìn sílẹ̀. Ọpọlọ ọmọ tuntun kò tóbi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àgbàlagbà lọ. Nígbà tí ọmọ náà bá fi máa pé ọdún 5, ó ti tó bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìdàgbàsókè tí ó yára tó báyìí kì í ṣe ti ẹran ara nìkan, nítorí àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí wọ́n so ibì kan nínú ọpọlọ mọ́ ibòmíràn ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, èyí tí ọmọ bá sì ń lò léraléra a máa lágbára, èyí tí kò bá lò a máa rọ títí yóò fi parẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ mọ́ ti í padà di igbó. Nítorí náà, nígbà tí àlejò bá bèèrè pé kí ni ọmọ ń ṣe lẹ́yìnkùlé, tí ìyá rẹ̀ sì dáhùn pé "Ó kàn ń ṣeré ni," ìyá náà ti fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú ilé.

Àwọn òyìnbó pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Friedrich Froebel ni ó dá ilé eré sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Bad Blankenburg ní Jámánì ní ọdún 1837. Maria Montessori, obìnrin oníṣègùn ará Ítálì, ṣí tirẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1907, níbi tí ó ti jẹ́ kí àwọn ọmọ tálákà fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ tí ó mú wọn mọ̀wé. Àwọn baba wa tí wọ́n gbẹ́ ọpọ́n ayò, tí wọ́n ṣe ihò 12 sí i, tí wọ́n sì ka ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kò kọ ìwé kankan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá jókòó ti bàbá àgbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n náà kò ní pẹ́ mọ bí a ti ń pín, bí a ti ń jẹ, àti bí a ti ń fojú inú wo ohun tí ọwọ́ kò tí ì ṣe.

Nínú gbogbo eré tí àkọ́rọ̀ òjò ń mú wá, irúgbìn gbígbìn ni mo fẹ́ràn jù, òun ni n ó sì pẹ́ lé lórí. Kò gba oko, kò gba owó. Agolo mílíìkì tí a lu ihò sí nídìí, erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ìkúnwọ́ àgbàdo àti ìkúnwọ́ ẹ̀wà tí kòkòrò kò tí ì jẹ, ó tó. Ẹ ra àgbàdo náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ta irúgbìn fún àgbẹ̀, tàbí kí ẹ bọ́ ọ lára ìṣù tí ẹ so sí àjà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, irúgbìn tí a ti fi oògùn apakòkòrò pa lára, tí ó pupa tàbí tí ó ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò yẹ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án rárá. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ ka á. Ẹ gbé hóró ogún kalẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ ní kí Àkànní mú mẹ́rin kúrò, kí ó wo èyí tí ó ṣẹ́ kù: mẹ́rìndínlógún. Kí ó dá ọ̀kan padà: mẹ́tàdínlógún. Ètò ìṣírò wa, tí a ń lé lórí mẹ́wàá láti mọ́kànlá títí dé mẹ́rìnlá, tí a sì ń yọ kúrò nínú ogún láti márùndínlógún lọ, tí àwọn kan ń sọ pé ó le jù fún ọmọdé, kò le mọ́ nígbà tí ọmọ bá rí ogún lójú ara rẹ̀ tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù. Ọmọ tí a kọ́ lórí àkọ́sórí nìkan ni ó le fún. Bí ó bá sì mọ èyí tán, ẹ gbé ọmọ ayò tí ó wà nínú ọpọ́n fún un, méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n: méjì tí ó dín nínú àádọ́ta, àádọ́ta tí òun pàápàá jẹ́ mẹ́wàá dín nínú ọgọ́ta, ọgọ́ta tí í ṣe ogún lọ́nà mẹ́ta. Ọdún kan kò pọ̀ jù fún eré yẹn.

Ẹ gbin irúgbìn kan ní ìdúró, èkejì ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ sì dorí ẹ̀kẹta kodò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé èwo ni yóò hù sókè, èwo ni yóò hù sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sọ pé èyí tí a dorí rẹ̀ kodò yóò máa hù lọ sínú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà pẹ̀lú ni yóò sì dákẹ́ nítorí kò dá wọn lójú. Nígbà tí ó bá di bí ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ hú gbogbo wọn jáde. Gbogbo gbòǹgbò ni ó kọrí sí ìsàlẹ̀. Èyí tí a dorí rẹ̀ kodò ti yí ara rẹ̀ po kí ó tó rí ọ̀nà. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Andrew Knight, wádìí ohun tí ó fà á ní ọdún 1806: ó so irúgbìn mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ tí omi ń yí kíákíá, ó sì rí i pé gbogbo gbòǹgbò kọrí sí ìta àgbá náà, gbogbo ọ̀mùnú sì kọrí sí àárín rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe òkùnkùn tàbí omi ni ó ń darí wọn bí kò ṣe ipá tí ń fa nǹkan. Nínú ilẹ̀ lásán, òòfà ilẹ̀ ni ipá náà. Ní ṣóńṣó orí gbòǹgbò ni àwọn hóró sítáàṣì kéékèèké wà tí wọ́n máa ń rì sí ìsàlẹ̀ nínú ilé wọn, nípa bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Bí a bá fara balẹ̀ tu èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọmọ tí ó máa ń hú irúgbìn rẹ̀ láràárọ̀ láti wò ó. Àwọn òbí a máa nà án nítorí èyí, wọ́n á ní ó ń pa ohun ọ̀gbìn. Kì í ṣe ìpàǹle, ìwádìí ni. Ẹ kàn gbin púpọ̀ sí i, kí ẹ ya agolo kan sọ́tọ̀ fún híhú, kí ẹ sì ní kí ó má fọwọ́ kan èkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín èyí tí ó dára jù, kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Nígbà náà ni yóò rí i pẹ̀lú pé ẹ̀wà àti àgbàdo kì í jáde bákan náà: ẹ̀wà a máa fa awẹ́ rẹ̀ méjèèjì yọ sókè ilẹ̀, a máa jẹ oúnjẹ inú wọn tán, awẹ́ náà a sì rọ, a bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo a fi hóró rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀, ọ̀mùnú kan ṣoṣo tí ó yí ara rẹ̀ ká ni a ó rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, esúnsún yóò dé. Ọmọ ọba ni wọ́n, láti inú ilé ikán ni wọ́n ti jáde, akọ àti abo, tí ìyẹ́ wọn kò wúlò ju ìrìn kan ṣoṣo lọ. Ẹ gbé ọpọ́n omi kan sí abẹ́ fìtílà, ẹ óò rí wọn bí wọ́n ti ń wọ́ tìtì. Kí ó tó di pé ẹ kó wọn sínú agbada, ẹ mú ọ̀kan fún ọmọ yín kí ó ka ìyẹ́ rẹ̀: mẹ́rin ni, wọ́n sì gùn dọ́gba, kí ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀: mẹ́fà ni, kí ó wá wo aláǹtakùn igun ilé, kí ó rí i pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, kí ó sì béèrè ìdí. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìyẹ́ a máa bọ́ kúrò ní ojú kan náà lára gbogbo wọn, abo a máa rìn níwájú, akọ a máa tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, títí wọn yóò fi rí ibi tí wọn yóò gbẹ́ sí. Bí ó bá yẹ wọ́n, abo yẹn ni yóò di ayaba, tí yóò máa yé ẹyin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ni kò yẹ, nítorí adìyẹ, àkèré àti àwa náà wà níbẹ̀. A kì í da òróró sí i nígbà tí a bá ń yan án, ọ̀rá ara rẹ̀ tó o, iyọ̀ díẹ̀ ni ó kù. Ó sì jẹ́ oúnjẹ tí ń mú ara ọmọ dàgbà. Ọmọ tí edé máa ń mú ara rẹ̀ yún tàbí tí ó máa ń wú ètè nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ohun tí ó wà lára edé tí ń bá a jà lè wà lára esúnsún pẹ̀lú.

Omi òjò tí ẹ gbè nínú bàsíà pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó gbé ayé láti 1896 sí 1980, ni ó fi irú rẹ̀ ṣe ìdánwò: ẹ bu omi kan náà sínú ife méjì tí ó dọ́gba, kí ẹ da ọ̀kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì bi ọmọ pé èwo ni ó pọ̀ jù. Ọmọ ọdún mẹ́rin yóò ní ti ìgò ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe jà á níyàn. Ẹ jẹ́ kí ó máa dà á síwá sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀, nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà tàbí méje, tí yóò wo yín pé irú ìbéèrè wo nìyẹn.

Bí Ṣàngó Olúkòso bá sì ń sán ààrá, tí ẹ̀rù ń ba ọmọ, ẹ gbé e jókòó sínú ilé, jìnnà sí ojú fèrèsé, kí ẹ jọ máa kà díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ títí di ìgbà tí ààrá bá sán. Ìmọ́lẹ̀ a dé ojú wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohùn a máa rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ka mẹ́ta, ó jìnnà sí yín tó kìlómítà kan, bí ẹ bá ka mẹ́fà, ó jẹ́ méjì. Bí ẹ kò bá lè kà dé ọgbọ̀n, inú ilé ni kí gbogbo ènìyàn wà. Ọmọ tí ó ń kà kò ráyè bẹ̀rù.

N ó sọ ti ẹ̀fọn báyìí, nítorí ìwé ìlera ni èyí. Nínú kòtò omi tí oòrùn ń ràn sí, nínú ipa ẹsẹ̀ màlúù, nínú agolo tí a gbàgbé sí ẹ̀yìn ilé, ẹ óò rí légbénlègbé ọ̀pọ̀lọ́, ẹ óò sì rí ìdin ẹ̀fọn. Ọmọdé a máa pè é ní ẹja. Ẹ bù ú sínú ìgò, kí ẹ fi aṣọ tín-ín-rín so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì jọ wò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Ìdin ẹ̀fọn tí ń gbé ibà káàkiri a máa dùbúlẹ̀ gbọọrọ lábẹ́ ojú omi. Irú ẹ̀fọn mìíràn a máa dorí kodò, a fi ìrù mí. Ronald Ross, oníṣègùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Íńdíà, ni ó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ọdún 1897. Kí ìdin náà tó hu ìyẹ́, ẹ fi ọmọ ṣíwájú kí ó da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó sì máa dojú gbogbo agolo ẹ̀yìnkùlé dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìdin ẹ̀fọn kò tún nílò ìwàásù lórí omi ìdọ̀tí.

Eré wọ̀nyí ní ewu tiwọn, mi ò ní fi bò. Omi tí kò ju ìka ọwọ́ kan lọ nínú bàsíà lè pa ọmọ tí ń rá, nítorí náà kí àgbà má ṣe kúrò níbẹ̀ láti lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Hóró ẹ̀wà tí ọmọ bá tì bọ imú tàbí etí yóò wú níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka tàbí igi yọ ọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ilẹ̀ rírin tí ènìyàn tàbí ẹran ti yàgbẹ́ sí ní aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, bàtà ni oògùn rẹ̀, ọṣẹ àti omi sì ni ti ọwọ́.

Alẹ́ ni ó kù. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ọjà dé tí ó ti rẹ̀ wọ́n yóò ní àwọn kò ní ààyè fún agolo àti ìdin, mo sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n àlọ́ àpamọ̀ kò bèèrè ju ẹnu lọ, a sì lè pa á bí a ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Èdè tí ọmọ fi ń lá àlá ni kí ẹ pa á ní. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn òbí ń bẹ tí wọ́n ń bá ọmọ wọn sọ èdè tí àwọn fúnra wọn kò gbọ́ já geere, tí ọmọ náà kò sì rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè ohun tí ń rùn nílẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Ẹ má ṣe fi mọ sórí àlọ́ tí ẹ bá lọ́wọ́ àwọn ìyá yín. Ẹ hun titun láti inú ohun tí ọmọ rí lọ́sàn-án: ẹ ní, ọmọ kan gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ lérí jáde nínú yàrá, nígbà tí ó jẹun yó, ó ju àwo nù, àbúrò rẹ̀ jẹ tirẹ̀ nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kò rí àwo rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti hú ẹ̀wà àti àgbàdo yóò já a. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó pa tirẹ̀, bí kò bá sì ní orí tàbí ìdí lójú yín, ẹ má ṣe sọ fún un pé kì í ṣe àlọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan pa á fún wa ní ilé kan pé baálé kan ti ilẹ̀kùn funfun mọ́rí ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì ṣí i fún ẹnikẹ́ni àfi òjò. A pe ẹyin, ó ní rárá. A pe òwú, ó ní rárá. Bàbá rẹ̀ pe eyín, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fà wá lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì fi ìgbín kan hàn wá tí awọ funfun tí ó fi dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn létí, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti na ìwo jáde, tí ó ń jẹ ewé lọ.